Ilé Ìpamọ́ Ọ̀fẹ́ fún Kóòdù Tí A Kò Fẹ́ Fi Hàn

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́ tà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó gbé kóòdù rẹ̀ sí ilé ìpamọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kóòdù ni àkọsílẹ̀ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹni tí ó bá rí i ti rí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ní ìgbà kan, ìdáhùn ìbéèrè náà kò le. SourceForge, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, àti Google Code, tí a ṣí ní 2006, wà fún àwọn tí ó fi ìwé àṣẹ gba gbogbo ayé láàyè láti lo kóòdù wọn àti láti tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní owó-ibodè: kóòdù ẹni gan-an ni a fi ń san án. Ní ti GitHub, ẹni tí ó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní láti sanwó, títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tí a sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ tí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò ju 3 lọ. Ní 2020 a mú òdiwọ̀n yẹn kúrò.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe lónìí. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi iṣẹ́ wọn sí gbangba, wọ́n ní àwọn kò kúkú fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ. Òótọ́ ni pé bí kò bá sí ìwé àṣẹ, ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó sá aṣọ sí ojúde kò fi í tọrẹ. Ṣùgbọ́n kò lè ní kí èrò ọ̀nà má wo ọnà ara rẹ̀. Àdéhùn GitHub pàápàá gba àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù láàyè láti wo iṣẹ́ tí ó wà ní gbangba, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú GitHub kan náà.

Ewu tí ó tún burú ju èyí lọ wà nínú Git fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní 2005. Git kì í gbàgbé. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú kóòdù lánàá, tí a pa á rẹ́ lónìí, ti àná ṣì wà nínú ìtàn iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí a bá ṣí ilẹ̀kùn, tàbí tí a gba alábàáṣiṣẹ́ titun wọlé, ó ti di tirẹ̀. Kí a kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà. Fífọ ìtàn mọ́ lè dúró díẹ̀.

Ilé ẹlòmíràn sì ni. Google ti Google Code pa ní 2016. Ẹ̀dà Git tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni ní kóòdù àti ìtàn rẹ̀ nínú, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àṣìṣe àti ìjíròrò tí a ṣe nínú ilé ìpamọ́ náà kì í sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá nílò wọn gbọ́dọ̀ kó wọn wá sílé lọ́tọ̀.