Àgbáyun: Èso Tí Í Tan Ahọ́n Jẹ

Àwọn èso kan wà tí a ń jẹ nítorí adùn wọn; àwọn mìíràn sì wà tí a ń jẹ nítorí oore tí wọ́n ń ṣe fún ara. Ṣùgbọ́n àgbáyun yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí ohun tí a fẹ́ jẹ tẹ̀ lé e ni a ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá lá àgbáyun tán, tí ó sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu, yóò rò pé oyin ni a pò mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó dàgbà ní oko mọ èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìgboro kò tilẹ̀ fi ojú kan èso náà rí. Nísisìyí, àwọn kan ń gbé e tọ àwọn alátọ̀gbẹ lọ ní gbígbẹ àti ní lílọ̀, wọ́n sì ń wí pé ó ń wo àrùn wọn sàn. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ fún àwọn tí ń se oúnjẹ nínú ilé ohun tí àgbáyun lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe.

Igi kékeré ni igi àgbáyun. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko ka òun àti igi àgbálùmọ̀ sí, pẹ̀lú igi ẹ̀mí tí a ń ṣe òrí lára èso rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Èso rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ntímítà 3 lọ ní gígùn. A máa pupa fòò bí ó bá pọ́n. Ẹran funfun díẹ̀ ni ó sì bo kóró kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀. Òun tìkára rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹran náà kéré jù fún wa láti kà á sí oúnjẹ tí ń bọ́ ara. Ibòmíràn ni agbára rẹ̀ wà.

Àwọn àlejò ti ṣàkíyèsí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní 1725, arìnrìn-àjò ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, rí i pé àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà a máa jẹ èso náà kí wọ́n tó jẹun. Ní 1852, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, William Freeman Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì pè é ní èso ìyanu. Oúnjẹ àgbàdo tí ó kan àti ẹmu tí ó ti kan ni àwọn ará ilẹ̀ náà fi ń mú dùn.

Ní 1968 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Họ́láńdì yọ èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ náà jáde, a sì ń pè é ní miraculin. Bí a bá lá èso náà, èròjà yìí a lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí kò bá sí ohun kíkan lẹ́nu, a dákẹ́ jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi kíkan bá kàn án, a ta gìrì, a sì mú kí ahọ́n ròyìn adùn fún ọpọlọ. Àwọn olùwádìí ní Japan ni ó fi èyí hàn kedere ní 2011. Agbára náà a máa wà lẹ́nu fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 30 títí dé wákàtí 2. Kì í sọ ohun kíkorò di dídùn, kì í sì í yí iyọ̀ padà. Tíì tí kò ní ṣúgà kò ní dùn nítorí rẹ̀, àfi bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Níbo wá ni oore rẹ̀ wà fún agbo ilé? Ṣíbí ìmutíì kan a máa gba nǹkan bí gíráàmù 4 ṣúgà. Ẹni tí ó bá bu ṣíbí 4 sínú ògì àárọ̀ ti mu gíráàmù 16. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, àti pé yóò tún sàn jù bí àgbàlagbà kò bá ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ lójúmọ́. Ògì wa sì kan láti ilẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lá àgbáyun lè mu ún ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láìbu ṣúgà kankan sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wàrà kíkan àti omi ìṣápá pupa. Ní 2012 pẹ̀lú, a kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa ìdánwò kékeré kan lára àwọn alárùn jẹjẹrẹ tí oògùn ti ba adùn ẹnu wọn jẹ́: àgbáyun mú kí oúnjẹ tún tù wọ́n lẹ́nu. Àwọn tí a dán an wò lára wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti tọ́jú aláìsàn tí kò lè jẹun mọ iye tí irú ìtura bẹ́ẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi èyí mú: ahọ́n ni àgbáyun ń tàn, kò lè tan ẹ̀jẹ̀. Ògì tí kò ní ṣúgà, àgbàdo ni síbẹ̀, àgbàdo a sì máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí alátọ̀gbẹ tí ń lá àgbáyun máa wọn oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa lo oògùn rẹ̀ bí dókítà ti wí. Ẹni tí ó bá ti oògùn sẹ́yìn nítorí ìyẹ̀fun àgbáyun, ojú rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Bákan náà, ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó dùn lẹ́nu kò dẹ́kun láti kan; ó lè jẹ eyín, ó sì lè ta sí ọgbẹ́ inú. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí títa àgbáyun gbígbẹ ní 2021, àwọn àgbàlagbà nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, wọ́n sì yọ aboyún àti abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú sílẹ̀.

Bí a ti ń lò ó nìyí. Ẹ fọ èso tí ó pọ́n. Ẹ rọra jẹ ẹran rẹ̀ kúrò lára kóró, kí ẹ sì fi ahọ́n yí i kiri ẹnu fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ tu kóró dànù, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ ohun kíkan. Ẹ má ṣe sè é, nítorí iná a máa pa agbára rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi í pamọ́ pẹ́ títí, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti ká a.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó sábà máa ń wà nínú àpò ṣòkòtò. Bí ẹ bá rí àgbáyun, ẹ gbin kóró rẹ̀ ní tútù, nítorí bí ó bá gbẹ tán kì í hù mọ́. Igi náà kì í tètè dàgbà; ó lè tó ọdún 3 tàbí 4 kí ó tó so. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ní in lẹ́yìnkùlé yóò lè dín ṣíbí ṣúgà kù, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà fajú ro nídìí àwo ògì rẹ̀.