Ọ̀PÁ KAN, IṢẸ́ MÉJÌ

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ẹrù la fẹ́ sọ. Kò sí oníṣòwò tó ru ẹrù lọ sọ́jà rí tí kò mọ̀ pé ohun tó fúyẹ́ nílé máa ń wúwo lọ́nà.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Láti ìpínlẹ̀ Georgia ló ti gba orí òkè lọ dé ìpínlẹ̀ Maine, ó sì gùn tó 3,500 kìlómítà. Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan, bí oṣù márùn-ún sí méje ni yóò fi wà lójú ọ̀nà, tòun ti ibi tí yóò sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1955, ìyá àgbà kan, Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, dá nìkan rìn ín tán. Kò gbé àgọ́ rárá. Kọ́tìnnì oníke tí wọ́n ń fi kọ́ sí balùwẹ̀ ló fi ń gba òjò sára.

Lónìí, ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ máa ń mú ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì dání, kí orúnkún má baà ro wọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Àgọ́ tí wọ́n gbé sẹ́yìn tún ní òpó tirẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ lè tó ìdajì kílò. Ọ̀pá lọ́wọ́, ọ̀pá lẹ́yìn! Kí ló dé? Ni àwọn kan bá fi òpó àgọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá ọwọ́ gbé aṣọ àgọ́ ró.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á tẹ́ aṣọ tí omi kì í wọ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi èèkàn kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní fà á le. Wọ́n á wá ki ọ̀pá bọ abẹ́ rẹ̀, á nàró. Ọ̀pá náà ṣeé fà gùn, ó ṣeé tì kúrú. 110 sí 130 sẹ̀ǹtímítà ló sábà máa ń tó. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fa okùn le yíká. Ìdí ọ̀pá mú ṣóṣóró, nítorí náà, bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Bí aṣọ náà bá jẹ́ láílọ́ọ̀nù, òjò máa ń mú un dẹ̀. Ẹ tún okùn fà kí ẹ tó sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, èrè yìí ní gbèsè tirẹ̀. Àgọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìsí èèkàn, èèkàn kì í sì í di inú òkúta mú. Ẹni tó bá fẹ́ fi àgọ́ sílẹ̀ lọ gun òkè kó tó padà, tó bá mú ọ̀pá lọ, ilé wó nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé bí ọ̀pá bá ṣẹ́ lọ́sàn-án, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló pàdánù. Alẹ́ náà ò nílé mọ́. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n wọn fi ń mú okùn díẹ̀ dání sí i, kó lè so orí àgọ́ mọ́ ẹ̀ka igi. Okùn yẹn ò wúwo rárá.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa, owó ọjà náà ni owó ilé-ìwé ọmọ. Ọ̀pá kan, iṣẹ́ méjì! Kò burú, ó ń dín ìnira kù. Àmọ́ ọjọ́ tí ọjà bá kùtà, méjèèjì ló jọ ń wó. Owó tí a ń fi pamọ́ sẹ́gbẹ́ lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ, òun ni okùn wa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ sílé.

Ajé á wá o.