Àpótí Rẹsísítọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Sákíìtì Fúnra Rẹ̀ Sọ Iye Tó Fẹ́

Bí ẹ bá ṣe Physics dé SS3, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ kan àpótí yìí rí. Nọ́mbà wà lórí rẹ̀, bọ́tìnnì tí wọ́n ń yí tàbí kọ́kọ́rọ́ idẹ tí wọ́n ń fà yọ sì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ práktíkà WAEC, wọ́n á ní kí ẹ gbé R sí iye kan, kí ẹ ka ámítà, kí ẹ gbé e sí iye mìíràn, kí ẹ tún kà á, títí ẹ ó fi rí ohun tí ẹ máa fi ya gíráàfù. Tí ìdánwò bá parí, wọ́n á dá àpótí padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á sì tì í pa. Ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ rò ó pé irinṣẹ́ tó lè gba owó wa là ni wọ́n tì pa yẹn.

Àpótí rẹsísítọ̀ la máa pè é níbí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó máa ń dúró fún rẹsísítọ̀ tí ẹ ò tíì mọ iye rẹ̀. Ẹ ó so ó mọ́ sákíìtì tí ẹ ń dán wò, ẹ ó máa yí i títí sákíìtì á fi ṣe bí ẹ ṣe fẹ́. Ìgbà yẹn lẹ ó ka nọ́mbà tó wà lójú rẹ̀, ẹ ó sì lọ ra rẹsísítọ̀ tó ní iye yẹn.

Kí ló dé tí ìṣirò nìkan ò tó?

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn: iná ẹnu géètì tó ń tan fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ojú tó ń wo ìmọ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní LDR. Rẹsísítọ̀ ni òun náà, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Tí ojúmọ́ bá mọ́, ìdènà rẹ̀ á kéré. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ìdènà rẹ̀ á ga.

Ìṣòro ibẹ̀ nìyí: àwọn tó ń ṣe LDR gan-an kì í sọ iye kan pàtó. Ẹ wo GL5528 tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀, ìyẹn 10 lux, ohun tí ìwé rẹ̀ ń sọ ni pé ìdènà rẹ̀ á wà láàárín nǹkan bí 10,000 ohm sí 20,000 ohm. Ìyẹn ni pé ẹ lè ra méjì lọ́wọ́ ẹnì kan náà, kí ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì. Kò sí ìṣirò tó máa sọ fún yín èwo ló wà lọ́wọ́ yín.

Àgbàlá ilé náà tún ní tiẹ̀. Bóyá igi máńgòrò ṣíji bo ẹnu géètì, bóyá ògiri funfun kọjú sí i. Nígbà òjò, ojú ọ̀run Ṣàgámù lè ṣú dùdù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí rẹsísítọ̀ tí ẹ fi síbẹ̀ bá kéré jù, iná á tan lọ́sàn-án gangan, á sì máa jẹ bátìrì lásán. Tó bá tóbi jù, aago mẹ́jọ alẹ́ á lù, ẹ ó ṣì máa táràrà wá ihò kọ́kọ́rọ́.

Kí lọ̀pọ̀ ń ṣe? Wọ́n á ra 10k, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa; wọ́n á padà lọ ra 47k. Ẹni tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹru tí kò rí i rà nítòsí lè dé Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà nítorí ohun tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Owó ọkọ̀ á wá pọ̀ ju owó ọjà lọ fíìfíì.

Àwọn kan máa ń lo fọ́líọ́ọ̀mù, irú èyí tí a fi ń gbé ohùn rédíò sókè. Kò burú. Àmọ́ fọ́líọ́ọ̀mù kì í sọ iye tó dúró lé. Ẹ ní láti tú u kúrò, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, tí ọwọ́ yín bá sì ṣèèṣì kàn án, ibi tó dúró ti yí padà nìyẹn. Ti àpótí yàtọ̀: nọ́mbà rẹ̀ wà lójú rẹ̀, tí ẹ bá sì padà sí i lọ́la, iye kan náà lẹ máa bá.

Sákíìtì tá a fẹ́ dán wò

Ẹ wá bátìrì kéékèèké mẹ́rin tó máa fún yín ní 6 volt, LDR kan, IC tí wọ́n ń pè ní LM358, LED funfun kan, rẹsísítọ̀ 10k méjì àti 330 ohm kan. Orí breadboard ni ká ti tò wọ́n.

1. Ẹ so ẹsẹ̀ 8 LM358 mọ́ orí bátìrì (+), ẹsẹ̀ 4 mọ́ ìdí rẹ̀ (−).
2. Ẹ to 10k méjèèjì tẹ̀lé ara wọn láti + dé −. Ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ 2. Ibẹ̀ á máa jẹ́ ìdajì bátìrì nígbà gbogbo.
3. Ẹ so àpótí rẹsísítọ̀ láti + sí ẹsẹ̀ 3, kí ẹ so LDR láti ẹsẹ̀ 3 yẹn sí −.
4. Láti ẹsẹ̀ 1, ẹ gba inú 330 ohm àti LED dé −.

LM358 á máa fi ẹsẹ̀ 3 wé ẹsẹ̀ 2. Tí ti ẹsẹ̀ 3 bá ti ga ju ìdajì bátìrì lọ, á tan LED. Ìgbà wo nìyẹn máa ṣẹlẹ̀? Ìgbà tí ìdènà LDR bá ti ju ti àpótí lọ. Nítorí náà, iye tí ẹ bá gbé àpótí sí, òun ni ààlà láàárín ọ̀sán àti òru. Àǹfààní kan tún wà ńbẹ̀: bátìrì kan náà ni apá méjèèjì ń pín, torí náà tí bátìrì bá ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ààlà yẹn kò ní sún kúrò.

LED kékeré yìí ò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ẹnu géètì o. Ìdánwò la fi ń ṣe. Tí ààlà bá ti dá wa lójú, ìgbà yẹn la ó wá ronú tíránsísítọ̀ tàbí rílè tó máa gbé iná ńlá.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú

Ẹ gbé sákíìtì lọ síbi tí iná náà máa wà gan-an, kì í ṣe orí tábìlì yàrá. Kí ẹ tó so bátìrì, ẹ gbé àpótí sí iye tó ga, bíi 500,000 ohm. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: òkè la ti ń sọ̀ kalẹ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ẹ dúró títí aago méje á fi kù díẹ̀, tí ilẹ̀ ti dà bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí kí iná tó tan. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye àpótí kù. Ìlà ọ̀kẹ́ àìmọye la kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn, ká tó wá sí àwọn ìlà kéékèèké. Ibi tí LED bá ti tan, ẹ dúró, kí ẹ kọ iye náà sínú ìwé, pẹ̀lú aago àti bí ojú ọ̀run ṣe rí. Ẹ tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́ méjì sí i. Ẹ ṣọ́ra kí ìmọ́lẹ̀ LED má tàn sójú LDR, torí á rò pé ilẹ̀ ti mọ́, á sì máa ṣẹ́jú pì-pì-pì.

Ká ní 36,400 ohm lẹ rí. Ẹ ò ní rí rẹsísítọ̀ 36,400 rà. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú méjìlá yìí: 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68, 82. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè to 33k àti 3.3k tẹ̀lé ara wọn kó di 36.3k. Tàbí kí ẹ gbé àpótí sí 39,000, kí ẹ wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì bóyá iná tó pẹ́ díẹ̀ kó tó tan yẹn tẹ́ yín lọ́rùn. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, rẹsísítọ̀ ẹyọ kan ti tó. Ẹ rántí pé èyí tó ní ìlà wúrà lè fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀: 39k lè jẹ́ 37,050, ó sì lè jẹ́ 40,950. Torí náà, ẹ má pa ara yín nítorí ohm mẹ́wàá.

Ẹ lè kọ́ tiyín

Àpótí ilé ìwé wọ́n, àmọ́ ẹ lè fi rẹsísítọ̀ onílàrin watt kọ́ èyí tó wúlò. Ìlà mẹ́rin la máa ní: ìlà 100, ìlà 1k, ìlà 10k àti ìlà 100k. Rẹsísítọ̀ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 36.

Ẹ pín mẹ́sàn-án inú ìlà kan sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: ẹyọ kan, méjì, méjì, àti mẹ́rin. Ẹ to gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ wá so súwíìṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi mẹ́rin yìí kó nọ́mbà èyíkéyìí jọ láti 0 dé 9: 3 jẹ́ 1 àti 2, 6 jẹ́ 4 àti 2, 8 jẹ́ 4, 2 àti 2.

Súwíìṣì yẹn dà bí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn kò nílò láti wọ àárín ìlú Ṣàgámù mọ́. Ọ̀nà tó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gbé e kọjá. Tí ẹ bá tan súwíìṣì, kọ́rẹ́ntì á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ọ̀wọ́ yẹn kò sí nínú iye. Tí ẹ bá pa á, kọ́rẹ́ntì ní láti la inú ọ̀wọ́ náà kọjá, ó ti wọ iye nìyẹn. Torí náà, ON túmọ̀ sí “fò ó”, OFF túmọ̀ sí “kà á”. Ẹ kọ ọ́ sára àpótí kó má baà dà yín lójú rú.

Níkẹyìn, ẹ fi rẹsísítọ̀ 100 ohm onídajì watt kan sí ẹnu àbáwọlé, èyí tí súwíìṣì kankan kò lè fò. Tí ẹ bá ṣèèṣì tan gbogbo súwíìṣì, òun ni kò ní jẹ́ kí bátìrì so mọ́ ara rẹ̀. Ẹ máa fi 100 kún ohun tí ẹ bá kà. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi mítà wọn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí àpótí ti ń jó

Àpótí kì í ṣe irin ìdáná. Rẹsísítọ̀ onílàrin watt ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ:

- ìlà 100 ohm: 50 milliamp
- ìlà 1k: nǹkan bíi 15 milliamp
- ìlà 10k: 5 milliamp
- ìlà 100k: milliamp kan àti ààbọ̀

Ẹ má dé ibẹ̀; ẹ dúró ní ìdajì rẹ̀. Ẹ wò ó: tí ẹ bá fi 6 volt sórí 100 ohm ẹyọ kan, 60 milliamp ni, èyí tí í ṣe 0.36 watt. Onílàrin watt kò lè gbà á. Á gbóná, á dúdú, iye rẹ̀ á sì yí padà láìsọ fún yín. Ìyẹn ló burú jù, torí àpótí á máa parọ́ fún yín láti ọjọ́ náà lọ.

Láé, ẹ má so àpótí yìí mọ́ iná NEPA. Kò sí “díẹ̀ báyìí” nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bátìrì nìkan ni. Ẹ má sì lò ó fún sákíìtì rédíò tó ń sáré púpọ̀, torí wáyà gígùn rẹ̀ á da sákíìtì rú.

Kapásítọ̀ náà lè ní àpótí tiẹ̀, àmọ́ òdìkejì ni: ẹ̀gbẹ́ ara wọn la ń tò wọ́n sí kí iye wọn tó pọ̀ sí i. Tí ẹ bá ń fi IC 555 ka àkókò, irú àpótí bẹ́ẹ̀ dára gan-an. Pẹ̀lú 100k àti 100 microfarad, ẹ ó rí nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Ẹ kàn rí i pé ẹ tú iná inú wọn dànù kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Kì í ṣe nǹkan àná

Àwọn oníṣẹ́ tẹligíráàfù ló sọ irú àpótí yìí di irinṣẹ́ ojoojúmọ́. Lọ́dún 1843 ni Charles Wheatstone, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ọ̀nà tí Samuel Hunter Christie ti ṣàpèjúwe lọ́dún 1833 gbajúmọ̀: ẹ fi ìdènà tí ẹ mọ̀ wá èyí tí ẹ ò mọ̀. Tí wáyà bá já sábẹ́ òkun, wọ́n á dúró sí èbúté, wọ́n á máa yí àpótí títí wọ́n á fi mọ ibi tó ti bàjẹ́, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra. Ọdún 1886 ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ dé Èkó.

Ẹ rí i pé ọgbọ́n kan náà ni. Wọ́n jẹ́ kí wáyà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Tai Solarin tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956 gbà pé ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Lónìí, Gateway ICT Polytechnic wà ní Sàápàdé, Babcock wà ní Ìlíṣàn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí sákíìtì nílẹ̀ Rẹ́mọ. Ìbéèrè tí olùkọ́ sábà máa ń bi wọ́n ni pé, “Kí ló dé tó o fi lo iye yìí?” Ẹni tó dà á kọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì á máa họ orí. Ẹni tó lo àpótí á ṣí ìwé rẹ̀: ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, iye mẹ́ta, aago àti ojú ọ̀run lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Rẹsísítọ̀ 36, súwíìṣì 16, àti ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà 1k nìkan tí owó ò bá tíì tó; ìlà kan yẹn náà ti sàn ju àfojúdá lọ.