Igbó Ọ̀ṣun àti Ṣọ́bìrì Awakùsà



Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì láti lọ ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun fún wa, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gba Òṣòdì kọjá ti dé Òṣogbo láti ọdún 1907. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn tí ó lọ ti ń bọ̀ wá ròyìn ohun kan tí kò dùn mọ́ni: odò tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí omi amọ̀.

Igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe igbó lásán. Hẹ́kítà 75 ni ó fẹ̀, ojúbọ àti ère sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. Ní ọdún 2005 sì ni àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Olóògbé Susanne Wenger, ẹni tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó bá a ṣiṣẹ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba igbó náà lọ́wọ́ àáké àti ọkọ́, kí ìyá náà tó papò dà ní ọdún 2009.

Síbẹ̀, ewu tí ó dé yìí kò gba ẹnu ọ̀nà igbó wọlé. Ní ìhà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ń wa wúrà. Àwọn kan a máa fọ erùpẹ̀ wúrà nínú àwọn odò kéékèèké, àwọn mìíràn a sì máa fi mákúrì kó wúrà jọ. Gbogbo ìdọ̀tí náà ni ó sì ń ṣàn bọ̀ wá sí Ọ̀ṣun. Ní ọdún 2022, a kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọn má ṣe mu omi tí àwọn baba wọn ti ń bù mu fún ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni kò gbé ṣọ́bìrì wọ inú igbó náà, síbẹ̀ a ti ba ọkàn rẹ̀ jẹ́.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 kò fi àyè sílẹ̀ kí a wa kùsà ní ibi ìsìnkú, ní ibi mímọ́, tàbí ní ibi tí ohun àtijọ́ gbé wà lábẹ́ ilẹ̀. Òfin ti ọdún 1992 sì ti pàṣẹ pé kí a yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà ilẹ̀ ni ìwé-àṣẹ ń tẹ̀ lé. Odò kò mọ ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò lè gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1928, àwọn tí ń wa tánganran ní abúlé Nok, ní Òkè Ọya, ni ó hú ère amọ̀ kan jáde tí ó jẹ́ ti ayé àtijọ́ gidigidi. Ta ni yóò ka iye èyí tí ṣọ́bìrì ti fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i?

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwa nìkan ni èyí bá. Ní Australia, ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà ńlá kan fi ẹ̀tù fọ́ ihò àpáta Juukan, níbi tí ènìyàn ti gbé láti ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Òfin ibẹ̀ ni ó fún wọn láyè. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ihò náà kò lè padà bọ̀ sípò.

Àwa kò sọ pé kí a má wa wúrà o. Oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, ìlú sì ń fẹ́ owó. Ohun tí a ń wí ni pé kí kíkà ṣáájú wíwà: kí awalẹ̀pìtàn, baálẹ̀ àti àwọn àgbà ìdílé rìn yíká ilẹ̀ náà kí a tó fọwọ́ sí ìwé-àṣẹ, kí wọn sì tẹ̀ lé omi dé ibi tí ó ń ṣàn lọ. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ẹ̀yin oníṣòwò wúrà, ẹ máa bèèrè ibi tí ọjà yín ti wá. Ẹ̀yin onídìílé, ẹ kọ ojúbọ àti ibojì àwọn baba yín sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, àlejò yóò ní kò sí níbẹ̀. Ẹ rántí pé odò Ọ̀ṣun kò dúró ní Òṣogbo: ó ń ṣàn títí ó fi wọ inú ọ̀sà ní ẹ̀gbẹ́ Èkó tiwa níhìn-ín.