Bí Ọfà Bá Ṣìnà, Ẹ Má Tètè Bá Ọwọ́ Wí

Ọsán já, ọrún dọ̀pá. Tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yìí ní Ìjerò, ní Arámọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ọsán kò tilẹ̀ já, ọfà tí kò bá ọrun mu lè sọ ògbójú tafàtafà di ẹni yẹ̀yẹ́.

Ọrun àti ọfà wà lára ohun ìjà àwọn baba wa kí ìbọn tó gbòde. Nígbà tí ogun Èkìtì Parapọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, ìbọn ti di ọba lójú ogun. Ìró rẹ̀ ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Eré ìdárayá ni ó tún gbé ọfà níyì. Ní ọdún 1972, ní ìlú Munich ní Jámánì, wọ́n dá ọfà títa padà sínú ìdíje Òlíńpíìkì. Lónìí, mítà 70 ni tafàtafà fi ń jìnnà sí àmì, àárín àmì náà tí ó níye lórí jù kò sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12.2 lọ.

Ọrun tí orí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú ni wọ́n ń lò. Kábọ́nù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ọfà rẹ̀: ó fúyẹ́, ó le, inú rẹ̀ sì ṣófo bí igi ewé ìbẹ́pẹ.

Bí a bá jọ̀wọ́ ọsán, ó ń ti ọfà láti ẹ̀yìn, irin orí rẹ̀ sì ń lọ́ra níwájú. Nítorí náà ni ọfà fi ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹja nínú omi. Bí ó bá tẹ̀ jù, yóò ṣìnà. Bí kò bá tẹ̀ tó, yóò ṣìnà. Ọfà tó gùn tàbí tí irin orí rẹ̀ wúwo a máa tẹ̀ púpọ̀. Èyí tó kúrú tàbí tí irin rẹ̀ fúyẹ́ a máa le gan-an.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Ẹ ta ọfà mẹ́ta tó ní ìyẹ́ àti méjì tí kò ní ìyẹ́ láti mítà 18. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, bí àwọn aláìníyẹ̀ẹ́ bá bọ́ sápá òsì àwọn yòókù, ọfà náà le jù: ẹ fi irin tó wúwo díẹ̀ sí i. Gíráàmù 5 sí 8 ni ọ̀pọ̀ irin wọ̀nyí ń wọ̀n. Bí wọ́n bá bọ́ sápá ọ̀tún, ó rọ̀ jù: ẹ lo irin tó fúyẹ́, tàbí kí ẹ gé ọfà kúrú díẹ̀díẹ̀. Fún ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, bí ìyàwó ilé ti ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Ọfà tí a gé kúrú jù lè bọ́ sẹ́yìn ọrun kí ó gún ọwọ́ tó dì í mú. Èyí tó fúyẹ́ jù lè ba ọrun jẹ́. Kábọ́nù tó sán lè fọ́ sára ẹni. Nítorí náà, ẹ rọra tẹ ọfà kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó ta á. Bí ó bá dún pẹ́pẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ dànù.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má fi àwọ̀ ra ọfà fọ́mọ yín. Agbára ọrun àti gígùn apá ọmọ ni kí ẹ wò. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ta á tí kò bà, ẹ yẹ ọfà rẹ̀ wò kí ẹ tó gbé pàṣán.