Ìrìn Òkò nínú Ẹ̀kọ́ Ìṣirò àti Físíìsì

Ìrìn òkò ni ìrìn ohunkóhun tí a bá sọ, tí a gbá, tàbí tí a ta sí òfuurufú, tí ó jẹ́ pé òòfà ilẹ̀ nìkan ni ó ń darí rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni títí yóò fi balẹ̀. Àwọn olùkọ́ físíìsì ń pè é ní projectile motion. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu: òkúta tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe òkò, ìgbà tí a bá sọ ọ́ ni ó di òkò. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé gbá jáde àti ọta tí ó ti ẹnu ìbọn jáde. Ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe òkò ní ìtumọ̀ yìí, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tì í lọ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìyẹ́ rẹ̀ ró.

Ẹ̀kọ́ yìí wà nínú iṣẹ́ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Ó tún wà nínú ìṣirò onípele gíga tí à ń pè ní Further Mathematics ní Nàìjíríà, tí àwọn ará Gánà mọ̀ sí Elective Mathematics fún ọ̀pọ̀ ọdún. WAEC, àjọ ìdánwò tí a dá sílẹ̀ ní 1952, tí Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gáḿbíà àti Làìbéríà sì jọ wà nínú rẹ̀, máa ń béèrè ìbéèrè lórí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kò lè sá fún físíìsì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti há gbogbo fọ́múlà sórí ni í kọsẹ̀ níbí. Ìdí ìkọsẹ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ lọ́pọ̀ ìgbà: ìrìn méjì ni ó wà nínú ìrìn òkò, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣírò méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n.

Ìrìn ìbú àti ìrìn òòró

Ní 1537, Niccolò Tartaglia, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, kọ̀wé pé igun dígírì 45 ni ọta àgbá ti ń lọ jìnnà jù lọ. Ṣùgbọ́n Galileo Galilei ni ó ṣàlàyé ìrìn náà yékéyéké, nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ìlú Leiden ní 1638. Ó fi hàn pé ohun tí a jù ń rìn ní ìbú, ó sì ń rìn ní òòró lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Ní ìbú, kò sí ohun tí ń fà á, nítorí náà ìyára rẹ̀ kò yí padà. Ní òòró, òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, ìyára rẹ̀ sì ń yí padà ní nǹkan bíi mítà 9.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Iye yìí ni à ń pè ní g. Nínú ìdánwò, a sábà máa ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo 10. Bí a bá pa ìrìn méjèèjì pọ̀, ipa ọ̀nà tí òkò náà tọ̀ yóò tẹ̀ bí ọrun. Orúkọ rẹ̀ ni parabola.

Ẹ jẹ́ kí a wo màǹgòrò méjì lórí igi tí ó ga ní mítà 5. Ọ̀kan já fúnra rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ọmọ tí ó wà lórí igi ju èkejì síwájú gbọọrọ, ní ìyára mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èwo ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní èyí tí ó já ni, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ka ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ sí, méjèèjì yóò balẹ̀ pọ̀. Gíga tí ohun kan já jẹ́ ½gt², èyí tí í ṣe 5t² bí a bá lo 10 fún g. Mítà 5 yóò sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 1. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn, màǹgòrò kejì yóò ti lọ sí iwájú ní mítà 8. Àkókò nìkan ni ohun tí ìrìn méjèèjì jọ ní, òun sì ni afárá tí a fi ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Àpẹẹrẹ ìṣirò kan

Aṣọ́lé gbá bọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ pẹ̀lú ìyára mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, igun rẹ̀ sí ilẹ̀ sì jẹ́ dígírì 30. Kí a tó fi ọwọ́ kan fọ́múlà kankan, a ó kọ́kọ́ pín ìyára náà sí méjì:

Ìbú: 20 × cos 30° = 17.32
Òòró: 20 × sin 30° = 10

Iṣẹ́ òòró ni ó ṣáájú. Ìyára 10 yìí yóò máa dín kù ní 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bọ́ọ̀lù yóò dé òkè téńté lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 1. Yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 1 mìíràn láti bọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Gíga tí ó dé jẹ́ 10² ÷ (2 × 10), èyí tí í ṣe mítà 5. Lẹ́yìn èyí ni a óò mú àkókò náà lọ sí ìbú: 17.32 × 2 = mítà 34.64. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí. Lórí pápá gidi, ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ yóò dín jíjìnnà yìí kù.

Bí aṣọ́lé náà bá lo igun dígírì 60, jíjìnnà rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ mítà 34.64. Bọ́ọ̀lù náà yóò ga sí i, yóò pẹ́ sí i lókè, ṣùgbọ́n ìyára ìbú rẹ̀ yóò ti dín kù. Igun méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 90 máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo tí ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi ìbalẹ̀ bá wà ní gíga kan náà. Ní dígírì 45, jíjìnnà náà yóò jẹ́ mítà 40, kò sì ní lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Èkínní, akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi odindi ìyára, ìyẹn 20, sínú iṣẹ́ òòró, nígbà tí ó jẹ́ pé 10 ni ó tọ́ sí ibẹ̀.

Èkejì, a máa ń rò pé òkò dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ó bá dé òkè téńté. Ìyára òòró nìkan ni ó di òdo níbẹ̀. Ìyára ìbú wà síbẹ̀, kò dín.

Ẹ̀kẹta ni ó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí ó mọ̀wé pàápàá. Fọ́múlà jíjìnnà, u² sin 2θ ÷ g, kò wúlò àfi bí òkò bá balẹ̀ ní gíga tí a ti jù ú. Ká ní orí ilé tí ó ga ní mítà 15 ni a ti ju òkò kan ní ìyára 20 àti igun dígírì 30. Ẹni tí ó bá sáré lo fọ́múlà yẹn yóò tún rí mítà 34.64, bí ẹni pé kò sí ilé níbẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó ka òkè sí ìpamọ́, kí ó ka ilẹ̀ sí àìpé, kí ó sì kọ pé: –15 = 10t – 5t². Èyí yóò di t² – 2t – 3 = 0, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 3 tàbí –1. Kò sí àkókò tí ó ṣáájú jíjù, nítorí náà 3 ni a ó mú. Jíjìnnà rẹ̀ jẹ́ 17.32 × 3, ìyẹn mítà 51.96.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́. Bí a bá fi í sí radian dípò dígírì, gbogbo ìdáhùn yóò bàjẹ́ bí iṣẹ́ orí ìwé tilẹ̀ tọ̀nà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ sin 30 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá rí 0.5, kí ó tún ẹ̀rọ náà tò.

Wíwá ìrànlọ́wọ́

Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní olùkọ́ fún ìṣirò onípele gíga, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ń dá a kọ́ nínú ìwé. Bíbéèrè ni kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń béèrè ọ̀nà ní láti sọ ibi tí òun ti rìn dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wí pé òun kò mọ ìrìn òkò rárá kò tíì béèrè nǹkan kan. Kí ó mú ìwé tí ó ti ṣiṣẹ́ sí wá, pẹ̀lú àwòrán, pẹ̀lú ìyára tí ó ti pín sí méjì, kí ó sì fi ìka sí ìlà tí ó ti há mọ́ ọn lọ́wọ́. Olùkọ́ físíìsì lè ràn án lọ́wọ́ bí kò bá sí ti ìṣirò, nítorí ẹ̀kọ́ kan náà ni. WAEC pẹ̀lú máa ń gbé ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wéwò jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn olùdánwò ti kùnà. Ó dára kí a kà á pọ̀ mọ́ àwọn ìbéèrè ọdún tí ó ti kọjá.

Ẹni tí a bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ó bá gba bírò, tí ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ tán, òun ni ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ọmọ náà. Ìbéèrè mẹ́ta péré sábà máa ń tó: Níbo ni òkò ti gbéra? Níbo ni yóò balẹ̀ sí? Èwo nínú àwọn iye wọ̀nyí ni ti ìbú, èwo sì ni ti òòró? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra rẹ̀ kò nílò ju fọ́múlà díẹ̀ lọ láti parí iṣẹ́ tí ó kù.