Ẹ múra kí ẹ tó gun Òkè Ìdànrè

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn á máa wá ibi tí wọn yóò ti gbafẹ́. Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í gbẹ́yìn nínú ibi tí wọ́n ń dárúkọ, wọ́n á sì fẹ́ kí bàbá àti ìyá bá wọn lọ. Kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé kéèyàn ṣáà wọ bàtà kó máa gùn ún lọ ni, onítọ̀hún kò tíì débẹ̀ rí.

Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 600. Àwọn ará Ìdànrè ti fi orí òkè yìí ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kó sọ̀ kalẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè. Ìyá tó ń ru iṣu gùn ún láyé ìgbà náà kò múra kankan, nítorí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Tiwa kò mọ́ ọn. Nítorí náà, ó kéré tán, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rin ìrìn láràárọ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn kọ́kọ́ rí dókítà, kó má sì gbàgbé oògùn rẹ̀ sílé.

Lítà omi méjì kò pọ̀ jù fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n kílò méjì nìyẹn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ bá yín gbé e. Bàtà kánfáàsì tó ti mọ́ ẹsẹ̀ ló dára, kì í ṣe sílípáàsì, kì í sì í ṣe èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ní kùtù, torí bó bá fi máa di ọ̀sán, àpáta á ti gbóná. Bí òjò bá rọ̀, ẹ sún un síwájú; òkúta tútù a máa yọ̀.

Àwọn tó fẹ́ pàgọ́ sùn lókè ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀, kí wọ́n sì mú ẹni tó mọ ọ̀nà dání. Ọyẹ́ orí òkè kì í ṣe ti inú ilé o! Ẹ mú súwẹ́tà, kúbùsù àti tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bátìrì mìíràn. Ẹ má ṣe dáná nítòsí koríko gbígbẹ, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ihò àpáta, ejò lè wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé gígùn ló le. Orúnkún àgbàlagbà mọ̀ pé sísọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ mú ọ̀pá dání, kí ẹ sì rọra. Bí àyà bá ń fún ẹnikẹ́ni tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kó jókòó síbi ìsinmi tó bá sún mọ́ ọn, kí wọ́n tètè wá ìrànwọ́. Kó má tìjú pé òun kò dé òkè.